Bí Àwọn Ọmọ Yóò Ṣe Jókòó Ti Iṣẹ́ Wọn Nígbà Tí Adelé Bá Dúró Fún Tíṣà

Ní ọ̀pọ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti máa dúró fún tíṣà tí kò bá wá. Bí tíṣà bá lọ ìsinmi ìbímọ, bí ara rẹ̀ kò bá yá, tàbí tí wọ́n pè é lọ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó bá wà nítòsí ni ọ̀gá iléèwé máa ń ní kó wọ kíláàsì náà: tíṣà kíláàsì ẹ̀gbẹ́, kọ́pà, tíṣà tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń sanwó fún, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Adelé ni a ó máa pe gbogbo wọn níhìn-ín.

Ohun tó sábà máa ń ba ọjọ́ adelé jẹ́ kì í ṣe pé àwọn ọmọ burú. Wọn kò mọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe báyìí, wọn kò mọ ìgbà tí yóò parí, ó sì dá wọn lójú pé tíṣà wọn kò ní wo ohun tí wọ́n kọ nígbà tó bá padà dé. Níbi tí iṣẹ́ kò bá ti dájú, ariwo ni yóò gba ipò rẹ̀, bí adelé tilẹ̀ le bí òkúta. Ẹ má sì fojú kékeré wò ó: ìsinmi ìbímọ nìkan lè gba sáà kan gbáko lọ́wọ́ kíláàsì, ọmọ tí kò bá sì mọ ìsọdipúpọ̀ ní sáà náà yóò gbé àìmọ̀ rẹ̀ wọ kíláàsì tó kàn.

Ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún, tíṣà tó ń lọ àti adelé tó ń bọ̀. Apá ti tíṣà tó ń lọ ló wúwo jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń fò.

Fáìlì adelé

Ẹ ra fáìlì pélébé kan, kí ẹ kọ ADELÉ gàdàgbà sí ara rẹ̀, kí ẹ sì fi í sọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé. Ẹ má fi í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì yín, nítorí kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ a máa bá tíṣà lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kìíní sáà ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ tí ibà bá dá yín dùbúlẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀:

- Orúkọ gbogbo ọmọ, pẹ̀lú àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó ní ikọ́ fée, fòníkúfọ̀ladìde tàbí wárápá, àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà tó gbọ́dọ̀ jókòó níwájú.
- Àwòrán ìjókòó. Ẹ ya bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ sí i. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ẹ lè pa á rẹ́ nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ìjókòó wọn.
- Táìmùtébù bó ṣe rí gan-an lójoojúmọ́, kì í ṣe bó ṣe wà lára ògiri nìkan. Bí àwọn ọmọ kan bá máa ń lọ kírun ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.
- Ìlànà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi mímu, àti ibi tí ìwé àjákọ máa ń wà.
- Orúkọ ọmọ méjì tí wọ́n máa ń sọ òótọ́, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Mọ́nítọ̀ lè wà nínú wọn, ó sì lè má sí.
- Fún kíláàsì kìíní àti kejì, ẹni tó ń wá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sílé.
- Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, èyí tí a kọ sílẹ̀ pátápátá.

Nóòtù ẹ̀kọ́ kò lè dípò iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ohun tí tíṣà yóò kọ́ ni nóòtù ẹ̀kọ́ ń sọ. Adelé nílò ohun tí ọmọ yóò ṣe. Bí ẹ bá kọ “Ìṣirò: àyọkúrò” sílẹ̀, ẹ kò tí ì kọ nǹkan kan. Irú èyí ló wúlò: “Ìwé ìṣirò, ojú ìwé 42. Ẹ ṣe àpẹẹrẹ 1 àti 2 lójú pátákó. Kí wọ́n ṣe ìbéèrè 1 sí 10 sínú ìwé àjákọ aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó bá parí kó ṣe 11 sí 15. Ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé yìí.” Adelé tí kò mọ ìṣirò dáadáa pàápàá lè bá èyí lọ.

Ẹ má fi ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí tí wọ́n ti kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn ni kí wọ́n fi dánra wò. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tuntun yóò fi ìlàjì kíláàsì sínú òkùnkùn, ọmọ tí iṣẹ́ kò bá sì yé ni yóò kọ́kọ́ yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀. Ewu mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ wo 52 tí a fẹ́ yọ 27 kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tíṣà kan máa ń yá ẹ̀wá kan lára 5 òkè, yóò ku 4. Àwọn mìíràn yóò fi 5 òkè sílẹ̀, wọn yóò fi ẹyọ kan kún 2 ìsàlẹ̀, yóò di 3. Ọ̀nà méjèèjì ló ń mú 25 jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbọ́ ọ̀kan lẹ́nu tíṣà rẹ̀ tó sì gbọ́ èkejì lẹ́nu adelé yóò ṣe méjèèjì pọ̀: yóò sọ 5 di 4, yóò sọ 2 di 3, yóò kọ 15. Ó lè gba tíṣà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti tú u. Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀nà tí kíláàsì yín ń lò sínú fáìlì. Bí ìsinmi yín yóò bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, tí ẹ̀kọ́ tuntun kò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú adelé fún wákàtí kan kí ẹ tó lọ, kí ó ṣe àpẹẹrẹ kan lójú yín.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Fún pírẹ́ọ̀dù ìṣẹ́jú 35, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 ṣàlàyé, 8 fún àpẹẹrẹ méjì, 15 fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ, 5 láti máàkì, kí 2 tó kù jẹ́ ti kíkó ìwé jọ. Ìbéèrè mẹ́wàá tó fún kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà. Márùn-ún tó fún kíláàsì kìíní àti ìkejì. Bí ìwé kò bá kárí, tí àwọn ọmọ yóò máa da ìbéèrè kọ láti ojú pátákó, ẹ dín mẹ́wàá kù sí mẹ́fà, nítorí ìdàkọ nìkan lè jẹ ìdajì àkókò wọn.

Kí àwọn ọmọ tó wọlé

Bí wọ́n bá ń to ìlà ní aago mẹ́jọ, kí adelé ti wà ní iléèwé ní aago méje ààbọ̀. Kó gba fáìlì, rẹ́jísítà, ṣọ́ọ̀kì àti dọ́sítà lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé. Kó ka àwòrán ìjókòó lẹ́ẹ̀kan, kó sì há orúkọ ọmọ mẹ́fà sórí, méjì níwájú, méjì láàárín, méjì lẹ́yìn. Ọmọ tí àjèjì bá fi orúkọ rẹ̀ pè ní ìṣẹ́jú kìíní yóò ti mọ̀ pé wọ́n mọ òun.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà òòró sí apá òsì pátákó, kí ẹ yà á sọ́tọ̀ bí ìwọ̀n apá kan nínú márùn-ún. Inú ibẹ̀ ni kí ẹ to iṣẹ́ ọjọ́ náà sí látòkè délẹ̀: ìṣirò, èdè, ìsinmi, sáyẹ́ǹsì, ìtàn. Bí ọ̀kan bá ti parí, ẹ pa á rẹ́ lójú wọn. Àwọn ọmọ yóò máa rí ibi tí ọjọ́ dé, ìbéèrè “Mà, ìgbà wo la máa jáde?” yóò sì dín kù gan-an.

Ní àárín pátákó, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ yín, àti iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí kò nílò àlàyé rárá. Fún kíláàsì kejì: “Kọ òǹkà ní méjì-méjì láti 2 dé 40.” Fún ìkarùn-ún: “Kọ ìsọdipúpọ̀ 7 àti 8 láìwo ẹ̀yìn ìwé.” Kí ó má gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọ̀rọ̀ nípa orúkọ: kọ́pà àti akẹ́kọ̀ọ́ tó wá dánra wò máa ń gbà kí àwọn ọmọ máa pe àwọn ní “Bọ̀dá” tàbí “Ẹ̀gbọ́n” nítorí ọjọ́ orí wọn. Ẹ má gbà á nínú kíláàsì. Bí iléèwé náà bá ń pe àwọn tíṣà yòókù ní “Sà” àti “Mà”, tàbí “Àǹtí”, òun ni kí wọ́n pe ẹ̀yin náà. Ọmọ máa ń fi orúkọ tó ń pe ẹni mọ ibi tó yẹ kó gbé ẹni náà sí.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́

Ibí ni ọjọ́ náà ti máa ń dúró tàbí ṣubú, nítorí náà a ó rọra lò ó.

1. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bí wọ́n bá ti jókòó tí wọ́n sì kí yín lápapọ̀, ẹ dáhùn. Ẹ má sọ pé “N kò gbọ́!” kí wọ́n lè tún un ṣe kíkankíkan, ẹ̀ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀, ariwo ti gba kíláàsì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ sọ gbólóhùn díẹ̀, kí ẹ má ṣe wàásù. Ó lè rí báyìí: “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Orúkọ mi wà lójú pátákó. Tíṣà yín kò sí lónìí, èmi ni màá wà pẹ̀lú yín títí a ó fi ṣíwọ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ ni màá máàkì, màá sì kó ìwé yín fún tíṣà yín. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti wà lójú pátákó. Ẹ bẹ̀rẹ̀.” Ẹ má sọ àìsàn tó ṣe tíṣà wọn. Ẹ má sì ṣèlérí bisikíìtì.

3. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ máa pe rẹ́jísítà, ní ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ gbójú sókè wo ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan tó dáhùn, kí ẹ sì fi wé àwòrán ìjókòó. Àwọn ọmọ máa ń dáhùn fún ọ̀rẹ́ tí kò wá, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ orúkọ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má jà. Ẹ kàn rìn dé ibẹ̀, kí ẹ yí ìwé àjákọ rẹ̀ padà. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Bí kò bá sí àwòrán ìjókòó, ẹ yà á fúnra yín nísinsìnyí, bí ẹ ṣe ń pè wọ́n. Ẹ má ní kí wọ́n ya ewé nínú ìwé àjákọ láti fi kọ orúkọ, ìyá ọmọ ló ra ìwé yẹn.

4. Ẹ kọ́ wọn ní ìpè ìdákẹ́jẹ́ kan. “Ẹ dákẹ́!” kì í pẹ́ tí í fi di ara ariwo. “Agò o!” dára, tí wọn yóò dáhùn pé “Agò yà!”, tí wọn yóò sì gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, tí wọn yóò wojú yín. Ẹ dán an wò ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìpè, ẹ dúró títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dákẹ́ kí ẹ tó la ẹnu. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ bí ìdajì bá ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ ti kọ́ wọn pé ìpè náà kò ní ìtumọ̀. Àwọn adelé kan máa ń lo “Ààlọ́ o!” fún iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ yóò dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ni wọ́n ń retí. Bí ẹ bá pè é tí ẹ kò pa àlọ́, ẹ̀ẹ̀kejì wọn kò ní dá yín lóhùn. Ẹ fi ààlọ́ pamọ́ di ìparí ọjọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́

Ẹ fún wọn ní àṣẹ mẹ́ta péré lẹ́ẹ̀kan: “Ẹ ṣí ojú ìwé 42. Ẹ kọ ọjọ́. Ẹ ṣe ìbéèrè 1, kí ẹ dúró.” Kí ẹ má béèrè pé “Ṣé ó yé yín?” Gbogbo wọn ni yóò pariwo pé “Ó yé wa!”, títí kan ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ dárúkọ ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn, kí ẹ ní, “Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?” Bí kò bá lè sọ ọ́, àlàyé yín kò tí ì dé ẹ̀yìn, ẹ tún un sọ.

Ẹ ṣàlàyé ní Yorùbá, pàápàá fún kíláàsì kìíní sí ìkẹta, bí ìwé tilẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Fún adelé tó ní ọjọ́ kan péré, àǹfààní rẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀: ọmọ tó gbọ́ iṣẹ́ yé ní ẹ̀ẹ̀kan kò ní dìde lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Bí ẹ bá béèrè ìbéèrè, ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Mary Budd Rowe, olùwádìí ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ló wọn èyí nínú kíláàsì ní àwọn ọdún 1970: tíṣà kì í sábà dúró tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí wọ́n dúró di mẹ́ta, ìdáhùn gùn sí i, àwọn ọmọ tí kì í dáhùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Ìgbà tí ẹ bá ti ní “Ẹ bẹ̀rẹ̀,” ẹ má jókòó. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ. Ẹ mú báírò pupa, kí ẹ gba àárín bẹ́ǹṣì kọjá, kí ẹ tíìkì ìbéèrè àkọ́kọ́ nìkan nínú ìwé gbogbo wọn. Ọmọ márùndínláàádọ́ta, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin-mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ẹni tó gbà á yóò tẹ̀síwájú nítorí ó ti rí tíìkì; ẹni tó kùnà yóò ti mọ̀ kí ó tó kùnà mẹ́wàá; ẹni tí kò tí ì bẹ̀rẹ̀ yóò sáré mú pẹ́ńsù. Ẹ máa gba ọ̀nà mìíràn nígbà kejì, kí wọ́n má baà mọ ibi tí ẹ ó gbà. Ẹ má sì tẹ̀ ba orí ọmọ kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹ̀yìn yín yóò kọ sí àwọn yòókù. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ojú yín lè máa rí gbogbo yàrá.

Jacob Kounin, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ya fídíò ọ̀pọ̀ kíláàsì, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1970. Bí tíṣà ṣe ń bá ọmọ wí kọ́ ló fi ìyàtọ̀ sáàárín kíláàsì tó tòrò àti èyí tí kò tòrò. Ohun tó fi ìyàtọ̀ sí i ni bóyá àwọn ọmọ mọ̀ pé ojú tíṣà ń rí gbogbo igun, àti bóyá iṣẹ́ kan ń wọ inú òmíràn láìsí àlàfo. Àlàfo náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ìgbà tí ẹ bá ń pa pátákó rẹ́, ìgbà tí ẹ bá ń wá ojú ìwé. Kí ẹ tó pa pátákó rẹ́, ẹ fún wọn ní nǹkan ṣe lẹ́nu: “Ẹ bá mi ka ìsọdipúpọ̀ 6.”

Fún ẹni tó bá yára parí, kí àfikún iṣẹ́ ti wà lójú pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé kó jókòó jẹ́ẹ́, yóò di olórí ariwo láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ sì má fi ṣe olùrànlọ́wọ́ tó ń rìn káàkiri, nítorí ìdáhùn ni yóò máa pín.

Ariwo

Àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn aláriwo tí mọ́nítọ̀ máa ń kọ kò wúlò fún adelé. Mọ́nítọ̀ yóò fi san ẹ̀san, yóò fi gba súwíìtì, àríyànjiyàn lórí orúkọ náà yóò sì pariwo ju ariwo ìṣáájú lọ. Eré kan wà tó dára jù ú lọ, èyí tí àwọn olùwádìí mẹ́ta, Barrish, Saunders àti Wolf, gbé kalẹ̀ ní 1969 fún kíláàsì kẹrin kan ní Kansas ní Amẹ́ríkà. Ó ṣeé lò níhìn-ín báyìí: ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìlà bẹ́ǹṣì. Ẹ sọ ìwà méjì péré tí yóò gba àmì, ẹni tó bá dìde láìgba àyè àti ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú 15 iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ẹ fa ìlà kan fún ẹgbẹ́ náà lójú pátákó, láìdárúkọ ọmọ, láìdá iṣẹ́ dúró. Ẹgbẹ́ tí kò bá ju àmì mẹ́rin lọ ti borí. Gbogbo wọn ló lè borí pọ̀. Ẹ̀bùn wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ jáde fún ìsinmi, tàbí kí wọ́n yan orin tí a ó kọ. Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ pa àmì àárọ̀ rẹ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń mọ̀ọ́mọ̀ ba ti ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, ẹ sọ òun nìkan di ẹgbẹ́ kẹrin, kí àwọn yòókù má baà kórìíra rẹ̀.

Ọmọ tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ má bá a wí láti iwájú. Gbogbo kíláàsì yóò yíjú, òun náà yóò sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rù kò ba òun. Ẹ rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ṣe ìbéèrè méjì yìí, mò ń padà bọ̀,” kí ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì padà lóòótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé kò ní báírò, tàbí kò jẹun wá, tàbí kò mọ̀wé kà débẹ̀.

Adelé kò gbọdọ̀ na ọmọ. Ẹ kò mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò le nínú wọn, àwọn ọmọ náà kò sì mọ̀ yín débi tí wọn yóò fi mọ ìfẹ́ tó wà nínú ìbáwí. Pàṣán máa ń mú ìdákẹ́jẹ́ wá, kì í mú iṣẹ́ wá. Ọmọ tó ń wo pàṣán kò wo ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára, ẹ rán ọ̀kan nínú ọmọ méjì tó wà nínú fáìlì lọ pe tíṣà ẹ̀gbẹ́.

Kíláàsì méjì lábẹ́ tíṣà kan

Bí tíṣà ẹ̀gbẹ́ bá ní láti gba kíláàsì mìíràn mọ́ tirẹ̀, kó má ṣe kó ọgọ́rin ọmọ sínú yàrá kan bí àyè ilẹ̀kùn bá lè jẹ́ kó máa rí méjèèjì. Ẹ pín ìṣẹ́jú 15-15: bí kíláàsì kan bá ń gbọ́ àlàyé, èkejì ń kọ̀wé. Iṣẹ́ kíkọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ní kíláàsì tí kì í ṣe tiyín. Ẹ má fi kíkà sókè sí kíláàsì kan nígbà tí èkejì ń ṣe ìṣirò. Ohùn yóò gba orí ògiri kọjá. Bí ó bá di dandan kí wọ́n wà pọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kíláàsì gíga jókòó sẹ́yìn, kékeré síwájú, kí ẹ sì pín pátákó sí méjì.

Òjò, ìtọ̀ àti lẹ́yìn ìsinmi

Bí òjò bá ń lu páànù, ẹ má figbe ṣàlàyé. Ẹ kọ iṣẹ́ sójú pátákó: àdàkọ, àwòrán, ìṣirò tí wọ́n ti mọ̀. Ẹ kó àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé wọ àárín kí ìwé má baà tutù. Fún ìtọ̀, ẹ lo igi kékeré méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Ẹni tí igi kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò lọ. Igi tó bá pẹ́ jù ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wá a. Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé orí lé tábìlì fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, òógùn ìṣeré á ti gbẹ.

Bí wọn kò bá fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀

Òǹkà Yorùbá ni iṣẹ́ tó dára jù lọ fún kíláàsì kẹta sí ìkẹfà, nítorí ìṣirò ni, èdè ni, kò sì nílò ìwé. Ẹ fi ìlànà rẹ̀ hàn wọ́n lójú pátákó: lẹ́yìn ogún, ogbọ̀n, ogójì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, 1 sí 4 ni a ń fi kún, 5 sí 9 ni a ń yọ kúrò nínú ẹ̀wá tó ń bọ̀. 24 jẹ́ mẹ́rìnlélógún, 20 àti 4. 25 jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n, 30 dín 5. Lẹ́yìn náà, ẹ fi hàn wọ́n pé 50, 70 àti 90 pàápàá jẹ́ ogún-ogún tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀: àádọ́ta jẹ́ 60 dín 10, àádọ́rin jẹ́ 80 dín 10, àádọ́rùn-ún jẹ́ 100 dín 10. Kí wọ́n wá kọ ìṣirò àti orúkọ fún 47, 63, 78, 86 àti 94. Ìdáhùn tí ẹ ó fi máàkì: mẹ́tàdínláàádọ́ta (50 − 3), mẹ́tàlélọ́gọ́ta (60 + 3), méjìdínlọ́gọ́rin (80 − 2), mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún (90 − 4), mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún (90 + 4). Ẹni tó bá parí kó yan nọ́ńbà márùn-ún fún ẹni tó jókòó tì í. Èyí lè gba pírẹ́ọ̀dù méjì láìsú wọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ sọ 86 di “mẹ́fàlélọ́gọ́rin”. Ẹ ní kó padà wo òfin 1 sí 4.

Fún kíláàsì kejì, ẹ ṣe ọjà: ẹ kọ nǹkan mẹ́rin tí wọ́n ń rí ní Ọjà Jagun tàbí Sábó sójú pátákó, máńgòrò, kajú, gàrí, ata, kí ẹ fún wọn ní iye tó rọrùn, kí wọ́n ṣírò ohun tí wọn yóò san àti ṣéńjì wọn. Fún ìkẹrin sókè, kí wọ́n ya ọ̀nà láti ilé wọn dé iléèwé, kí wọ́n kọ orúkọ ibi márùn-ún tí wọ́n ń kọjá, bíi Tákíè, kí wọ́n sì fi gbólóhùn márùn-ún júwe rẹ̀ fún àlejò.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn jẹ́ ti àlọ́ àpamọ̀. “Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́”: ahọ́n. “Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò”: ẹ̀wà. Ẹnu ẹni tó bá nawọ́ nìkan ni kí ẹ ti gba ìdáhùn.

Kí adelé tó lọ, àti ọjọ́ tí tíṣà bá dé

Adelé yóò kọ ìwé kan péré sínú fáìlì: iṣẹ́ tó parí àti ibi tó dúró, orúkọ àwọn tí kò wá, àwọn ọmọ tí iṣẹ́ kò yé, àwọn tó ṣiṣẹ́ dáadáa (kí wọ́n má dín ní márùn-ún), àti ohun tó bá ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí òbí gbọ́. Ẹ kọ ohun tí ọmọ ṣe, ẹ má kọ irú ọmọ tó jẹ́. “Ó dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹfà nígbà ìṣirò” wúlò. “Aláìgbọràn ni” kò wúlò. Ẹ kó ìwé àjákọ jọ gẹ́gẹ́ bí ìlà bẹ́ǹṣì, kí ẹ fi wọ́n sórí tábìlì tíṣà, kí ẹ sì rí i pé ọmọ kíláàsì kìíní àti kejì bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì lọ.

Tíṣà tó padà gbọ́dọ̀ ṣí ìwé wọ̀nyẹn lójú àwọn ọmọ ní àárọ̀ ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé, ṣáájú ẹ̀kọ́ kankan. Kó dárúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ dáadáa, kó ní kí ẹni tí kò ṣe é parí rẹ̀ ní ọjọ́ náà, kó sì fi àmì rẹ̀ kún ti ìdánwò sáà. Kó kọ́kọ́ bá àwọn tí iṣẹ́ kò yé jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kó fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mìíràn rọ́pò èyí tó ti lò nínú fáìlì, kó sì dá a padà sọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé.